Ewé aláǹtakùn: ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ kí ẹ tó bu omi

Oníbàárà mi kan tó ń kó lọ sí Kánádà lọ́dún 2019 ló fún mi ní àkọ́kọ́. Ó wá gba aṣọ tí mo rán fún un, ó sì gbé ìkòkò kékeré kan lé orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀.” Spider plant ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè é. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́ ní ewé aláǹtakùn, torí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń so rọ̀ lẹ́nu okùn bí aláǹtakùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti àjà.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa á. Àràárọ̀ ni mo ń bomi rin ín bí ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀. Nígbà tí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo tún fi kún omi. Ọjọ́ tí mo tú u jáde ni mo rí i pé gbòǹgbò ti rà, ó sì ń rùn. Ó dùn mí gan-an, torí wọ́n fi í ṣọ́ mi ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ti gé sínú ife ló ṣẹ́ kù. Mọ́kànlá ló wà lójú fèrèsé mi ní Bódìjà báyìí, ara ọmọ kan yẹn ni gbogbo wọn ti wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi pé kó kọ́kọ́ rọra yọ ọ́ nínú ìkòkò, kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí gbòǹgbò funfun tó wú, tó dà bí ọmọ ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó. Omi ló kó pamọ́ síbẹ̀. Ó lè fara da ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá rìnrìn àjò, àmọ́ kò lè fara da ilẹ̀ tó ń rin ṣìnkìn lójoojúmọ́.

Ẹ ti ìka ìfábẹ̀lá bọ inú ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ da omi sí i dáadáa títí á fi máa kán nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó dúró sínú abọ́ ìsàlẹ̀ nù. Nílé tèmi, nígbà òjò, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí n tó tún bomi rin ín. Nígbà ọyẹ́, kì í ju ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ìka yín ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Ike ọ̀dà lítà mẹ́rin ni mo ń lò. Mo máa ń fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀ ní ihò mẹ́fà. Ìkòkò aláràbarà tí kò ní ihò nídìí, ẹ má ṣe gbin nǹkan sí i, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ilẹ̀dú ìwọ̀n méjì, yanrìn ìwọ̀n kan, àti ẹ̀kúnwọ́ èédú tí mo ti fọ́ wẹ́wẹ́, ohun tí mo ń pò pọ̀ nìyẹn. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó o. Èyí tó ti gbẹ tó sì ti pẹ́ nílẹ̀ ni mo máa ń bù ní ṣíbí méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, nígbà òjò nìkan.

Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ oòrùn gangan. Fèrèsé mi kọjú sí ìlà oòrùn, oòrùn àárọ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí mo gbé sí bákónì lọ́sàn-án bó, ewé rẹ̀ ṣá bí àǹkárá tí wọ́n sá sóòrùn lọ́sẹ̀ kan.

Ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni ẹnu ewé tó ń gbẹ, tó ń di àwọ̀ ilẹ̀. Ọyẹ́ lè fà á. Àmọ́ omi ló sábà máa ń jẹ́. Kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ, iyọ̀ inú omi kànga àti ajílẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń ṣù jọ sẹ́nu ewé. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lórí ilẹ̀ ìkòkò, òun náà nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí balùwẹ̀, kí ẹ da omi púpọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Omi òjò ló dára jù fún un, mo ní àgbá kan lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé mi fún ìyẹn nìkan. Àlùmọ́gàjí tó mú ni mo fi ń gé ibi tó gbẹ, mo sì máa ń gé e ní ṣóńṣó bí ewé náà ṣe rí. Ẹ fi díẹ̀ lára èyí tó gbẹ sílẹ̀. Bí ẹ bá gé wọ ibi tútù, ojú ọgbẹ́ yẹn á tún gbẹ.

Ọmọ rẹ̀ ló wù mí jù. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti fún mọ́ra nínú ìkòkò, á na okùn gígùn kan jáde, òdòdó funfun kéékèèké á yọ lára rẹ̀, ọmọ á sì tẹ̀ lé e. Ẹ má kánjú gé e. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí kókó gbòǹgbò kéékèèké nídìí ọmọ náà, kí ẹ wá gbé ife ilẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìyá, kí ẹ fi ìdí ọmọ kanlẹ̀ níbẹ̀ láì tíì gé okùn. Ìyá á ṣì máa bọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fà á díẹ̀. Bó bá ti di ilẹ̀ mú, ẹ gé ìwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń rà á torí wọ́n gbọ́ pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí tí NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1989 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti gbilẹ̀, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Nínú yàrá wa tí afẹ́fẹ́ ń wọlé tó ń jáde, ẹ ṣí fèrèsé ni. Ẹ gbìn ín torí pé ó rẹwà, àti torí pé ewé ilẹ̀ Áfíríkà wa ni. Ó ń hù fúnra rẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Gúúsù Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń pè é ní òdòdó òyìnbó. Bí ológbò bá jẹ ewé rẹ̀, kò ní májèlé.

Kòkòrò funfun tó dà bí òwú lè fara pamọ́ síbi tí ewé ti pàdé. Aṣọ tí mo rì bọ omi ọṣẹ ni mo fi ń nù ún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí á fi tán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ kan ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹ má bomi rin ín lọ́jọ́ náà. Ẹ gbọn ilẹ̀ dànù, ẹ fi ìwé ìròyìn tó rin díẹ̀ wé gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ fi sínú ọ̀rá tí ẹ ti lu ihò sí, kí ewé wà níta. Báyìí ni mo ṣe di méjì fún àbúrò mi ní Òṣogbo. Ó gbìn wọ́n lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń na okùn jáde.