Bí A Ṣe Ń Rẹ Àdìrẹ Oníko: Ohun Tí Ìyá Àgbà Mi Fi Ọwọ́ Kọ́ Mi Ní Òṣogbo

Bí wọ́n bá ń ki Òṣogbo ní ìlú aró, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ ìtàn náà: nígbà tí àwọn èèyàn Láàróòyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, gé igi tó wó sínú odò Ọ̀ṣun, ohùn kan ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìyá àgbà ò fi ìtàn yẹn ṣeré rárá. Ẹni tó bá sáré kọjá nídìí ìkòkò rẹ̀ á gbọ́ tirẹ̀.

Aṣọ òwú pọ́ńbélé, funfun, ni kí ẹ wá. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí sítáàṣì kúrò lára rẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya, le díẹ̀. Ẹ fi oníko bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka mú ojú aṣọ, ẹ fà á sókè ṣóńṣó, ẹ wá fi ìko (okùn ràfíà) wé ẹsẹ̀ rẹ̀ léraléra, kó le dan-in dan-in. Ibi tí ìko bá fún ni aró ò ní dé. Èyí tí mo kọ́kọ́ dì, tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tú sínú ìkòkò. Ìyá àgbà ò bá mi wí. Aṣọ yẹn ló fi ń nu ilẹ̀ fún ọdún méjì.

Ti aró ló gba sùúrù. Ewé ẹ̀lú la ń gún lódó, a ó ṣù ú róbótó, a ó sá a gbẹ. A ó da eérú igi sínú ìkòkò tó nídìí lílu, a ó bu omi lé e. Èyí tó bá ń kán sí ìkòkò ìsàlẹ̀ la fi ń rẹ ẹ̀lú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Omi eérú yìí ń jẹ ara o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn. Bí ìfófòó aláwọ̀ aró bá bo ojú rẹ̀, tó sì ń rùn, ó ti tó. Ìyá àgbà á kọ́kọ́ júbà Ìyá Moòpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, kó tó ṣí i. Ère rẹ̀ tí Adùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria) ṣe wà nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Ẹ rẹ aṣọ sómi lásán, ẹ fún un, kí ẹ tó rì í sínú aró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Bí ẹ bá yọ ọ́, àwọ̀ ewé lẹ máa rí. Ẹ má pariwo pé ó bàjẹ́. Ẹ fi kọ́ okùn. Etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí padà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i, lẹ́yìn náà àárín. Ẹ tún rì í, ẹ tún fi kọ́, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Àwọn kan á fi í sílẹ̀ sínú ìkòkò mọ́jú, wọ́n ní kó lè dúdú kíá. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìkòkò.

Tó bá gbẹ, ẹ fi abẹ tú ìko, kí ẹ má gé aṣọ. Ẹ ó rí òṣùpá kọ̀ọ̀kan tó yọ, funfun, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín ibi tí ìko ti wé e.