Bí a ṣe ń gbẹ́ yàrà àyẹ̀wò kí ilé tó dé orí ilẹ̀ oko

Yàrà àyẹ̀wò ni èyí tí a ń gbẹ́ láti mọ̀ bóyá ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀ wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ katapílà fọwọ́ kan ilẹ̀ kí ẹ tó wo bákẹ́ẹ̀tì tó gbé wá, ìyẹn irin tí ẹ̀rọ náà fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Eléyín á ha ilẹ̀ yánnayànna, ohun tí a ń wá á sì dàrú mọ́ ọn. Ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni kí ẹ ní kó gbé wá. Ẹ tún bèèrè ibi tí wáyà iná àti páìpù omi gbà kọjá.

Gbogbo ilẹ̀ kọ́ là ń gbẹ́. Ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ hẹ́kítà kan, tí ẹ mú ìdá 4, yàrà mẹ́jọ ni: ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 25, ó fẹ̀ ní mítà 2. Ẹ jẹ́ kí àwọn kan dábùú àwọn yòókù, torí bí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan náà, kòtò àtijọ́ lè gba àárín wọn kọjá láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Kí awakọ̀ máa họ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì dúró níbi tó ti ń rí yín. Kó da ilẹ̀ òkè jọ lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọ̀ ni kí ojú yín wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi róbótó kan tó dúdú ju agbègbè rẹ̀ lọ, tí èédú wínníwínní wà nínú rẹ̀, ẹ gbọ́wọ́ sókè kí ẹ̀rọ dúró. Ó lè jẹ́ ihò òpó ilé àtijọ́. Gbòǹgbò igi náà máa ń tanni jẹ báyìí, àmọ́ tirẹ̀ á rí gbágungbàgun, á sì pẹ̀ka wọlẹ̀. Bí oòrùn bá ti pa ilẹ̀, àwọ̀ á pòórá. Èmi kì í rìn láìmú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí òdòdó dání: mo fọ́n omi síbẹ̀, mo fi tírówẹ̀lì fá ojú rẹ̀, ó sì tún yọ kedere.

Ẹ má kó inú ihò náà tán. Ìdajì ni kí ẹ gbẹ́, kí ìdajì kejì dúró bí ògiri, kí ẹ lè rí bí ìpele ilẹ̀ ṣe gorí ara wọn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ yà á sórí ìwé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ihò náà sára ọ̀rá tí ẹ kó àpáàdì rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ eegun ènìyàn lẹ yọ, ẹ bò ó, ẹ pe aláṣẹ.

Yàrà tí kò ní nǹkankan nínú náà, ẹ kọ jíjìn rẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Onílé nílò ìyẹn gan-an.

Ẹ má dí èyíkéyìí kí ẹni tó fún yín láṣẹ tó wá wò ó. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ padà, ti òkè á wá tẹ̀ lé e, kí katapílà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.