Bí a ṣe ń kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ jọ

Ìyá àgbà náà ṣí pọ́tímáńtò rẹ̀, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo yàrá. Ó yọ ìró kan lábẹ́ aṣọ òfì méjì, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó wá fi ìka tọ àwọn òpó kan tó tò láàárín aṣọ náà. "Òpó gbọ̀ngàn Màpó rèé, ọmọ mi," ó ní. "Àwọn tó wà láàárín wọn yẹn, ṣíbí ni. Ìbàdàndùn la ń pè é. Ìyá tó bí mi ló kọ ọ́."

Kí n tó dé ilé ìyá yìí, mo ti rí Ìbàdàndùn tó ogún, mo tiẹ̀ ti ra méjì. Àmọ́ inú yàrá yẹn ló ti yé mi pé aṣọ ni mo ti ń rà látẹ̀yìnwá, n kò ra ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn méjì tó wà nílé mi, n kò mọ orúkọ ẹni tó kọ wọ́n, n kò mọ ẹni tó ró wọn, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́. Ó dùn mí gan-an. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má bàa ṣe àṣìṣe tèmi.

Kọ́ ojú rẹ kí o tó mú owó jáde

Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, má ra nǹkan kan. Wo aṣọ nìkan.

Àdìrẹ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Oníko ni èyí tí wọ́n ń fi ìko dì ní kókó-kókó kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán, tí wọ́n á sì tú òwú náà lẹ́yìn aró. Ẹlẹ́kọ ló gba sùúrù jù. Wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi kọ ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ìyẹ́ àti ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́ n'Ìbàdàn. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára ni wọ́n ń gbé lé aṣọ, tí wọ́n á sì fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀. Ọkùnrin ló sábà máa ń gé páànù yẹn, àmọ́ obìnrin ló ni aró.

Aládìrẹ Ìbàdàn á pín aṣọ sí àpótí-àpótí, á wá fi ọnà kún àpótí kọ̀ọ̀kan: ẹyẹ, àkekèé, ewé ẹ̀gẹ́, agboòrùn. Bí àwọn àpótí yìí ṣe tò ló ń fún aṣọ lórúkọ. Kọ́ orúkọ mẹ́rin yìí ná: Ìbàdàndùn, Olókun, Ọlọ́ba, Sùnbẹ̀bẹ. British Museum tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àdìrẹ lọ́wọ́, àwòrán wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; jókòó tì wọ́n ní alẹ́. Bí o bá wà l'Ékòó, lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà Nike Davies-Okundaye ní Lẹ́kí, kí o lè rí aṣọ gidi nítòsí. Fọ́tò kò lè fi bí aṣọ ṣe rọ̀ hàn ọ́.

Mọ ohun tí òfin sọ

Ibí yìí kò gùn, àmọ́ má fò ó. Òfin tó dá àjọ NCMM (National Commission for Museums and Monuments) sílẹ̀ ní 1979, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Nàìjíríà, sọ pé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọnà tó níyì nínú ìtàn tí wọ́n ti lò níbi ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀, ìgbà yòówù kí wọ́n ṣe é. Àjọ yẹn àti aṣojú tó bá fọwọ́ sí nìkan ló láṣẹ láti rà á, kò sì gbọdọ̀ kúrò nílùú láìsí ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ère ìbejì, ẹ̀kú eégún tàbí oṣé Ṣàngó wá bá ọ lábẹ́lẹ̀, má gbà á. Ó lè jẹ́ ojúbọ kan ni wọ́n ti jí i. Ní ti ọjọ́ orí, àdìrẹ tó ní òpó Màpó lára kò sí lára ohun tí òfin yìí kà léèwọ̀, wàá rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Bí o bá fẹ́ gbé aṣọ lọ sí òkè òkun, kọ́kọ́ lọ fi han àwọn òṣìṣẹ́ NCMM kí wọ́n fún ọ níwèé, kí aṣọ́bodè má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú.

Ibi tí o ó ti wá a

Inú pọ́tímáńtò àwọn ìyá wa ni èyí tó dáa jù wà, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé tìrẹ. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ, lọ́wọ́ àǹtí rẹ, lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ. Ẹnu á yà ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ bá àwọn tó ń ṣe é. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo máa ń lọ. Aṣọ tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àwọn ìyá tó ti pẹ́ nídìí aró mọ ọwọ́ ara wọn bí ẹni mọ ohùn ẹni. Mo ti gbé aṣọ kan débẹ̀ rí tí ìyá kan wò ó fún ìṣẹ́jú kan péré, tó sì sọ páànù ìdílé tí wọ́n fi ṣe é. Má lọ lọ́wọ́ òfo o. Ra tuntun lọ́wọ́ wọn, kódà ní kí wọ́n kọ ẹlẹ́kọ kan fún ọ, torí àwọn tó ṣì ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ kò pọ̀ mọ́.

Ní ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn, aṣọ òfì ni wàá rí jù. Ìyẹn náà dára, àmọ́ ìmọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Yẹ aṣọ wò

Kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé. Ojú kan ṣoṣo ni aládìrẹ ń fi ẹ̀kọ sí. Tí wọ́n bá wá rì í sínú aró, ẹ̀yìn tí kò lẹ́kọ á mu aró yó. Ẹ̀yìn ojúlówó ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, ọnà á kàn hàn fírífírí níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, òdìkejì ni: ojú rẹ̀ á tàn yòò, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Àyẹ̀wò yìí nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó tí n kò lè kà. Àmọ́ má lò ó fún àdìrẹ oníko, torí dídì ni wọ́n dì í, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, wo ibi tó yẹ kó funfun. Ẹ̀kọ kì í dí aró lọ́nà tán, díẹ̀ á yọ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọnà ara ẹlẹ́kọ fi sábà ń dà bí ojú ọ̀run òwúrọ̀, tí kì í funfun bí òwú. Bí o bá rí funfun báláú tí àwọn ìlà tín-ín-rín là kọjá bí iṣan ewé, àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe é. Kàmpálà la mọ ìyẹn sí, ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ ló dé. Kò burú, àmọ́ má san owó ẹlẹ́kọ lé e lórí.

Wá ojú ìránpọ̀ tó wà láàárín. Ègé méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á tó yáàdì 2½. Gbé ìka rẹ lé ẹyẹ kan ní apá òsì, wá irú ẹyẹ yẹn kan náà ní apá ọ̀tún, kí o wọn ẹsẹ̀ wọn. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́ ló kọ ọ́, ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, tàbí kí ìyẹ́ apá ọ̀kan dín kan. Mo fẹ́ràn ìyẹ́ tó dín yẹn ju ohunkóhun lọ lára àdìrẹ. Ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ti gbé orí sókè dá ẹnì kan lóhùn.

Ó wá kan ibi tó ti gbó. Obìnrin tó ń ró ìró á máa ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣá, lẹ́yìn náà ni etí ìsàlẹ̀ á máa já fún gbígbálẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, wọ́n tà aṣọ kan fún mi pé ti ìyá ìyá ẹni tó tà á ni. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́ ẹ, ó ṣá láti etí dé etí bákan náà, kò sí ibi ìbàdí, kò sí ibi ẹsẹ̀. Mo bu omi sí i, òórùn omi ìfọṣọ tó ń pa àwọ̀ ló yọ. Wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fọ̀ ọ́ gbó ni. Owó yẹn kò padà wá.

Fi áńkáṣífù funfun tó tutù díẹ̀ nu igun aṣọ. Èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, kì í yòrò nínú omi lásán. Inú ìkòkò, pẹ̀lú omi eérú, ló ti máa ń kan fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lè mú òwú. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Òde ara òwú ló sì ń lẹ̀ mọ́ jù, kì í wọnú lọ títí. Nítorí náà, bí búlúù díẹ̀ bá ràn mọ́ áńkáṣífù, má bẹ̀rù. Bí ó bá ràn gan-an, aró rẹ̀ ṣì tuntun ni.

Bí o ṣe lè fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀

Ọnà ló ń sọ ọ́. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó, torí náà kò sí bí Ìbàdàndùn tó ní òpó Màpó ṣe lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́ba, tó ní ọba àti olorì lára, ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ló bí i ní 1935. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé Ọlọ́ba òun ti wà láti 1900, ẹ kí i, kí o máa lọ.

Àmọ́ ṣọ́ra níbí. Ọdún tí ọnà bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọdún tí wọ́n kọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ ń kọ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ, ọmọ-ọmọ náà ń kọ ọ́. Aṣọ kò lè sọ ìyókù fún ọ. Èèyàn ni yóò sọ ọ́.

Gba ọ̀rọ̀ kí o tó gba aṣọ

Bí o bá dé ilé ìyá àgbà, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Mú nǹkan dání, búrẹ́dì tàbí èso. Má dárúkọ owó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Béèrè báyìí: "Màmá, ta ló kọ ọ́? Kí lẹ ń pè é? Ta ló rà á fún yín? Òde wo lẹ kọ́kọ́ ró o lọ?" Ìbéèrè kẹrin yẹn ló ń ṣí ẹnu wọn jù. Bí wọ́n bá gbà, fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.

Tí ọ̀rọ̀ títà bá wá délẹ̀, ní kí ọmọ wọn kan wà níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí ìyá ta aṣọ lọ́sàn-án tí ọmọ ń wá a kiri lálẹ́, ẹkún ni wọ́n sun. Bí ìyá bá dá iye tó kéré jù nítorí pé kò mọ iye tó ń lọ báyìí, sọ iye gidi fún un, kí o sì san án. Bí ó bá ní òun kò tà, bèèrè bóyá o lè ya fọ́tò rẹ̀, kí o dúpẹ́.

Ìtọ́jú

Má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, má sá a sóòrùn. Bí mo ṣe ba aṣọ mi àkọ́kọ́ jẹ́ nìyẹn, búlúù rẹ̀ wọ́ sórí kọnkéré. Omi tútù nìkan, kí o sì sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Ẹ̀kọ láfún tó bá kù lára rẹ̀ oúnjẹ ni fún aáyán, torí náà rí i pé aṣọ mọ́ kí o tó kó o pamọ́. Má fi í sínú ọ̀rá, á láàgùn, èéhù á bò ó. Aṣọ funfun ni kí o fi wé e. Káńfọ̀ lè wà nínú àpótí, kó má kan aṣọ. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tú u, kí o ká a lọ́nà mìíràn, kó má bàa ya lójú ibi tí o ti ká a.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo máa ń gé tééré aṣọ funfun, mo á fi yíǹkì tí omi kò lè fọ̀ kọ orúkọ ọnà, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó ró o àti ọjọ́ tí mo gbà á sí i, mo á sì fi okùn méjì péré rán an mọ́ igun.

Ìyá tó ni Ìbàdàndùn kò tà á fún mi, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni aṣọ náà wà báyìí. Olókun kan tí etí rẹ̀ ti já ló tà fún mi nígbà kẹta tí mo lọ. Mo kọ tééré rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á: "Olókun. Ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ró o níbi ìkómọ àkọ́bí rẹ̀." Ó mi orí. "Kì í ṣe àkọ́bí," ó ní. "Ìkejì ni. Nígbà àkọ́bí, a ò tíì lówó aṣọ." Mo gé tééré mìíràn, mo tún un kọ.