Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Àṣẹ Wò Kí A Tó Yan Ọ̀nà Ìfúnpọ̀ Fáìlì

Kí ẹ tó fún fáìlì yín pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí òfin gbà láàyè láti ṣe ètò tó ń fún un pọ̀, àti ẹni tó láàyè láti ṣe èyí tó ń tú u. Ẹ wo RAR, irú fáìlì ìfúnpọ̀ kan: kóòdù unRAR, ètò tó ń tú u, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún títú fáìlì, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gbà kí a fi kóòdù náà ṣe ètò mìíràn tí yóò máa dá fáìlì RAR sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́ fi lè tú RAR, tí wọn kò sì lè ṣe é.

Ẹ wádìí páténtì pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe àwárí ọ̀nà kan lórí lílo rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Unisys ń béèrè owó lórí LZW, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó wà nínú irú fáìlì àwòrán tí à ń pè ní GIF, àwọn ènìyàn ṣe PNG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, tó ń lo ọ̀nà ìfúnpọ̀ DEFLATE. Páténtì LZW náà kò parí ní Amẹ́ríkà títí di 2003.

Fún fáìlì tí ẹ fẹ́ tọ́jú pẹ́, ZIP tàbí gzip, irú ìfúnpọ̀ méjì tí àwọn náà ń lo DEFLATE, ni èmi yóò yàn. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tú u wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.