Bí A Ṣe Ń Yọ Sítíkà àti Gọ́ọ̀mù Rẹ̀ Kúrò Lára Gíláàsì

Sítíkà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Bébà tàbí ọ̀rá ló wà lókè, gọ́ọ̀mù ló wà nísàlẹ̀, ohun tó sì ń ran ọ̀kan kì í ran èkejì. Omi ló ń mú bébà rọ̀. Gọ́ọ̀mù ara ọ̀pọ̀ sítíkà òde òní ò bẹ̀rù omi. Òróró, kẹrosíìnì, sípíríìtì tàbí ooru ló ń ràn án. Ẹni tó bá ń da omi ọṣẹ sí gọ́ọ̀mù láti àárọ̀, tó wá ń fi èékánná ha á, kàn ń fọ́n ọn kálẹ̀ ni, títí eruku á fi lẹ̀ mọ́ ọn tí gbogbo ojú gíláàsì á di àbàwọ́n. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹ kọ́kọ́ yọ ojú sítíkà, kí ẹ tó kọjú sí gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tí ẹ fi sí i ní àkókò tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba gíláàsì jẹ́ ni pé wọn ò dúró: ìṣẹ́jú méjì péré, wọ́n ti gbé ọ̀bẹ.

Irú gíláàsì wo ni?

Ẹ dá ìbéèrè yìí lóhùn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìgò lásán, gíláàsì fèrèsé ilé tí kò ní tíńtì, àti gíláàsì iwájú ọkọ̀ lè gba abẹ. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yàtọ̀. Iná ni wọ́n fi sọ ọ́ di líle, kó lè fọ́ wẹ́wẹ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ dípò kó ya sí ègé ńlá tó ń gúnni. Níbi iná yẹn, wóró gíláàsì kéékèèké tí ojú ò rí lè ti jó mọ́ ọn lára. Bí abẹ bá já ọ̀kan nínú wọn, á wọ́ ọ lọ, ìlà gígùn tí kò ṣeé nù kúrò á sì kù síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tábìlì onígíláàsì àti ilẹ̀kùn gíláàsì inú balùwẹ̀ jẹ́ irú èyí náà. Ẹ wo igun tábìlì tàbí ilẹ̀kùn náà, òǹtẹ̀ kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára máa ń wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ gbé abẹ sọnù, ẹ lo káàdì ATM tó ti kú tàbí ike pẹlẹbẹ míì.

Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń gbóná láti lé ìrì. Inú ọkọ̀ ni ìlà náà wà, ó sì rọrùn láti já. Òróró àti aṣọ rírọ̀ nìkan ni kó kan ibẹ̀, kí ọwọ́ yín sì máa tọ ìlà náà lọ, kó má dábùú rẹ̀.

Ní ti tíńtì, ọ̀rá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì. Ẹ fi èékánná tọ etí gíláàsì náà. Bí ẹ bá kan etí ọ̀rá, tíńtì ni. Abẹ á gé e, acetone tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ á bà á jẹ́, omi ìnugíláàsì tó ní ammonia, kẹ́míkà olóòórùn líle, nínú náà á bà á jẹ́ bó bá pẹ́. Omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró nìkan ni ẹ lè lò, ó sì lè gbà yín ní ọjọ́ méjì. Tí àwọ̀ dúdú náà bá wà nínú gíláàsì fúnra rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀, ẹ má fòyà.

Ìgò tí ẹ fẹ́ tún lò

Àwọn tó ń ta ẹ̀pà sísun, oyin, zobo àti àgbo mọ ìyà iṣẹ́ yìí, torí ìgò ọtí àti ìgò jáàmù ni wọ́n ń tún lò. Lára ọ̀pọ̀ ìgò bíà, gọ́ọ̀mù tí omi ń ràn ni wọ́n fi lẹ bébà, nítorí ilé iṣẹ́ ọtí fúnra rẹ̀ ń gba ìgò náà padà, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì tún ń rọ ọtí sí i. Irú èyí ò le rárá. Ẹ bu lítà 4 omi gbígbóná tí ọwọ́ lè fara dà sínú ọpọ́n, ẹ fi ṣíbí ìjẹun 2 baking soda àti ṣíbí 1 ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ sí i. Ẹ rọ omi náà sínú ìgò kó má bàa léfòó, kí ẹ sì rì í pátápátá. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, bébà á ti máa bọ́ fúnra rẹ̀.

Tí ojú sítíkà bá ń dán, tí omi ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà mélòó kan sí i kí omi lè rí ọ̀nà wọlé. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rá látòkè délẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rì í sómi, ooru ló kàn. Ẹ da omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ooru á gba ara gíláàsì kọjá dé ìdí gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù á sì rọ̀. Ẹ fi èékánná gbé igun kan, ẹ ká a sẹ́yìn títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ara rẹ̀, kí ẹ wá máa fà á díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fà á jẹ́jẹ́, gọ́ọ̀mù á tẹ̀ lé sítíkà jáde. Tí ẹ bá já a gbà, ojú á ya, gọ́ọ̀mù á kù sílẹ̀.

Ẹ má da omi híhó sínú ìgò tó tutù. Inú rẹ̀ á gbóná, á fẹ́ fẹ̀ sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì tutù, gíláàsì ò sì mọ bí a ṣe ń nà: á sán ni. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, pàápàá ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde.

Fún gọ́ọ̀mù tó bá kù, ṣíbí 1 òróró àti ṣíbí 1 baking soda ti tó fún ibi tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ pò ó títí á fi ki bí ọṣẹ ìfọyín, ẹ fi pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Òróró ló ń wọnú gọ́ọ̀mù. Baking soda ò jẹ́ kí òróró ṣàn lọ, ó sì ń bá yín ha á, àmọ́ ó rọ̀ ju gíláàsì lọ, kò lè fa ìlà sí i. Ẹ wá fi ìka tàbí kànìnkànìn rírọ̀ yí i po. Gọ́ọ̀mù á máa ká jọ ní wóró wóró. Tó bá ṣì ń fà mọ́ ìka, ẹ tún fi òróró pa á, ẹ dúró díẹ̀ sí i. Òróró ẹ̀pà, ti sóyà, àdín àgbọn, èyíkéyìí ló dáa. Epo pupa náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ á kó bá aṣọ yín.

Ìgò tí oúnjẹ tàbí ohun mímu máa wọ̀, ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù kàn án. Òórùn rẹ̀ máa ń wọ rọ́bà inú ìdérí, kò sì ní jáde mọ́. Oníbàárà á mọ̀ ọ́n nínú oyin yín.

Gíláàsì iwájú ọkọ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti le jù. Lára dánfó, sítíkà ti ọdún yìí ń gun orí ti èṣín, ti ìjọba ìbílẹ̀ ń gun ti ẹgbẹ́ awakọ̀. Oòrùn tó ń wọlé lójoojúmọ́ á sì sè é pọ̀ mọ́ gíláàsì: gọ́ọ̀mù á pọ́n, á le gan-an, bébà á máa rún. Sítíkà oṣù mẹ́ta sábà máa ń ṣí ní odindi. Ti ọdún mẹ́ta á já wẹ́wẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó bá lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ṣí i láti òkè.

Ẹ lo oòrùn fún ojú sítíkà, kí ẹ sì lo ibòòji fún gọ́ọ̀mù. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí oòrùn fún ìṣẹ́jú 30 kí gọ́ọ̀mù rọ̀, tàbí kí ẹ mú dáráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ẹ gbé e jìnnà sí gíláàsì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ má dúró lójú kan. Bí gíláàsì náà bá ti là níbikíbi, bó ti wù kí ìlà náà kéré tó, ẹ má fi dáráyà kàn án, ẹ má sì da omi gbígbóná sí i: ìlà náà á sáré. Òwúrọ̀ ọyẹ́ àti gíláàsì tí éésì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sí náà gba sùúrù, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lẹ́yìn tí ojú sítíkà bá ti kúrò, ẹ wa ọkọ̀ sí ibòòji, torí nínú oòrùn ohun tí ẹ bá fi pa gọ́ọ̀mù á gbẹ kó tó wọ inú rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó nípọn sórí dáṣíbọọ̀dù. Ẹ fi kẹrosíìnì rin òwú, kó má kán tótó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí gọ́ọ̀mù náà fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún un rin bó bá gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ nù ún láti etí wá sí àárín, kí ẹ máa yí ojú aṣọ padà ní gbogbo ìgbà. Ojú kan tó ti kún fún gọ́ọ̀mù kàn ń kó o láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ òórùn kẹrosíìnì lè lo òróró, á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i. Bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ wọnú ọkọ̀ fún iṣẹ́ yìí láéláé. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á rọra kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, iná kékeré kan láti ara wáyà sì tó láti mú un gbiná. Acetone yára gan-an, àmọ́ ẹ̀kán kan tó bá ta sí dáṣíbọọ̀dù á yọ́ ike ibẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tó bá ṣì kù lẹ́yìn èyí ni ti abẹ. Ẹ ra abẹ olójú kan pẹ̀lú ohun ìdìmú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ àwọn akunlé. Abẹ fẹ́lẹ́ olójú méjì tí wọ́n fi ń fárí máa ń tẹ̀, á sì gé yín. Kó jẹ́ tuntun, kó má dógùn-ún. Ẹ fi omi ọṣẹ rin gíláàsì náà gbindin. Ẹ dá abẹ dùbúlẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 30, kí gbogbo ojú rẹ̀ fara kan gíláàsì, torí igun abẹ ló ń fa ìlà. Ẹ tì í síwájú, ẹ gbé e sókè, ẹ nù ún, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fà á padà sẹ́yìn, iyanrìn tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ni á ha gíláàsì. Ẹ fetí sí i pẹ̀lú: abẹ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń yọ̀ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bó bá ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ ibẹ̀, ẹ wo etí abẹ bóyá ó ti kán. Ẹ yẹra fún bèbè dúdú tó yí gíláàsì náà ká.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń gbé nọ́ńbà gbànjo wá, tí wọ́n fi kálámù ọ̀dà kọ sí ìta gíláàsì iwájú. Ìyẹn ò ní gọ́ọ̀mù. Sípíríìtì lórí òwú fún ìṣẹ́jú kan, ẹ nù ún, kí ẹ fi abẹ àti omi ọṣẹ kó ìyókù. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó ṣàn dé ọ̀dà ọkọ̀ tàbí rọ́bà wáípà.

Fóòmù olójú méjì tí wọ́n fi ń lẹ ohun tó ń gbé fóònù dúró kì í gbọ́ tí abẹ. Okùn ìpẹja ni kí ẹ ti bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fà á bí ayùn títí á fi gé fóòmù náà sí méjì, kí ẹ tó fi òróró pa ohun tó kù. Ní ti dígí ìwojú, ẹ má jẹ́ kí ohun olómi kankan ṣàn dé etí rẹ̀. Bó bá wọ ẹ̀yìn, fàdákà ibẹ̀ á dúdú.

Ohun tí kò yẹ kó kàn án, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́

Kànìnkànìn onírin, iyanrìn, eérú àti ìyẹ̀fun ìfọkòkò tó ní yanrìn máa ń ha ojú gíláàsì. Hypo ò ran gọ́ọ̀mù rárá. Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan pò ó mọ́ sípíríìtì, acetone, fínígà tàbí ammonia: àwọn àdàlù yìí ń mú oró jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gíláàsì tí ẹ fi òróró tàbí kẹrosíìnì nù kò tíì mọ́. Fẹ́lẹ́ tó kù lórí rẹ̀ ò hàn lọ́sàn-án, àmọ́ lálẹ́, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ á tàn ká gbogbo ibẹ̀, awakọ̀ ò sì ní ríran. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ wá fi sípíríìtì díẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ nù ún kẹ́yìn. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ mí èémí gbígbóná sí i. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣì wà níbẹ̀, àwòrán sítíkà náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, á yọ nínú èémí yẹn kó tó pòórá. Ẹ fi òróró padà sí ibi tó yọ yẹn nìkan. Tí ó bá jẹ́ òrùka funfun ló yí ibi tí sítíkà wà ká, iyọ̀ inú omi ni, kì í ṣe gọ́ọ̀mù: ìdajì fínígà, ìdajì omi, ìṣẹ́jú 10, ẹ nù ún.

Àkísà tó ti mu kẹrosíìnì, ẹ sá a síta jìnnà sí iná títí á fi gbẹ, kó tó wọ garawa ìdọ̀tí. Abẹ tí ẹ ti lò, ẹ kó o sínú agolo kí ẹ dé e, kó má bàa gé ọwọ́ àwọn tó ń kó ilẹ̀.