Ọta .22 tó yára ju ìró lọ àti èyí tó lọ́ra: ẹ má pò wọ́n pọ̀

Ẹ̀yin ọdẹ Àkúrẹ́ tí ẹ ní ìwé àṣẹ ìbọn, ẹ ka ara páálí ọta .22 yín, ìyẹn ọta kékeré tí a fi ń pa ẹran kékeré, kí ẹ tó wọ igbó. Ìró ń sáré mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ooru bá wà ní ìwọ̀n 20 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nínú ọ̀sán wa tó ń wọ 30, ó tó 349. Ọta tí wọ́n kọ "subsonic" sí lára kì í yára tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 320 ni.

Bí ẹ bá ti fi èyí tó yára to ojú ìbọn yín sí mítà 50, èyí tó lọ́ra máa bà nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹ fojú sun lórí á gbà á níkùn, á sì lọ jẹ̀rora kú sínú igbó. Ìyẹn ò dáa rárá.

Nínú ìbọn tó ń kó ọta fúnra rẹ̀, agbára ọta tó lọ́ra lè má tó láti ti irin ẹ̀yìn (bolt) padà, èèpo á sì há. Ìbọn afọwọ́fà kò ní wàhálà yẹn. Lílọ́ra kò sì sọ pé kò lè pànìyàn o. Lára àpáta Ìdànrè, ọta máa ń ta padà.

Bí ìbọn bá kàn dún "pù" wẹ́lẹ́, ẹ má yin òmíràn! Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ kó ọta kúrò, ẹ yọ irin ẹ̀yìn, kí ẹ tan iná wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn. Bí ọta bá há síbẹ̀, èkejì lè fa ọ̀pá ya mọ́ yín lọ́wọ́.