Bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà 486 àti TNC àtijọ́ ránṣẹ́ lórí rédíò

Ohun tí mo lò nìyí: kọ̀ǹpútà 486 orí tábìlì tó ní MS-DOS 6.22, sọ́fítíwíà Telix tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìta, àpótí TNC-2 kan (TNC ni ẹ̀rọ tó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò), àti rédíò inú ọkọ̀ tó ń lo ìgbì 2 mítà, tó sì ní ihò data onípínnì 6 lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ rédíò àti orúkọ ìpè tirẹ̀ lè máa gbọ́, àmọ́ kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́ o.

Telix ò mọ rédíò rárá. Lẹ́tà ló ń gbà, lẹ́tà ló ń tì jáde. TNC ló ń di ọ̀rọ̀ ní ìdì kéékèèké, tó ń sọ ọ́ di ohùn méjì, 1200 Hz àti 2200 Hz, kí rédíò tó gbé e. Nítorí náà, bí nǹkan ò bá lọ déédéé, ẹ má dá sọ́fítíwíà lẹ́bi kíákíá. Ẹ wo àárín kọ̀ǹpútà sí TNC, kí ẹ tó wo àárín TNC sí rédíò. Èmi kì í so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí i wò. Bọ́ọ̀dù 386 àti 486 púpọ̀ ní bátìrì nickel-cadmium 3.6 fóltì tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ọn. Bó bá gbó, ó máa ń jò, omi rẹ̀ a sì jẹ ojú ọ̀nà bàbà tó wà nítòsí. Mo gé e kúrò, mo fi fínígà nu ibi tó jò sí, mo tún fi ọtí isopropyl nù ún, mo sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Dípò rẹ̀, mo so bátìrì AA 3 mọ́ pínnì tí bọ́ọ̀dù ní fún bátìrì ìta. Mo fi káàdì CompactFlash 256 MB rọ́pò hard disk tó ti ń dún bí ọlọ. BIOS ìgbà yẹn (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) sábà máa ń dúró ní 504 MB, kò sí ìdí láti ra káàdì ńlá. FDISK, lẹ́yìn náà FORMAT C: /S, ó parí.

Lẹ́yìn èyí, mo tẹ MSD, ètò àyẹ̀wò tó wà nínú DOS fúnra rẹ̀, mo sì wo COM Ports, ìyẹn àwọn ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ìta sọ̀rọ̀. Ohun méjì ni mo wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ihò wo ni máòsì ń lò: tó bá jẹ́ COM1, COM2 ni TNC yóò lò, kì í ṣe COM3, torí COM1 àti COM3 jọ ń pín IRQ 4, ìlà tí ẹ̀rọ fi ń pe kọ̀ǹpútà. Èkejì, irú chip tó wà nídìí ihò náà. 8250 lè di lẹ́tà kan ṣoṣo mú. 16550A lè di 16 mú. Ní ìyára 9600 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́tà tuntun ń dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́nà ẹgbẹ̀rún, bí disk bá sì gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà ti sọnù nìyẹn. 8250 ni tèmi, mo sì fi TNC àti Telix sí 4800. Kò sí àdánù níbẹ̀, nítorí 1200 ni rédíò ń rìn.

Wáyà 3 péré ti tó láàárín wọn: pínnì 3 lára orí onípínnì 9 ti kọ̀ǹpútà lọ sí pínnì 2 lára orí onípínnì 25 ti TNC, 2 lọ sí 3, 5 lọ sí 7. Kí n tó fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn, mo fi mítà wọn fóltì. Bí Telix bá wà ní ṣíṣí, pínnì 3 kọ̀ǹpútà sí pínnì 5 gbọ́dọ̀ fi fóltì òdì hàn, bíi −8 sí −12. Pínnì 3 TNC sí pínnì 7 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdì. Pínnì tó bá ń tì jáde ló ní fóltì. Èyí tó ń gbà máa ń wà nítòsí òdo. Fóltì kì í purọ́, àmọ́ àwòrán inú ìwé wáyà lè ṣì ọ́ lọ́nà.

Nínú Telix, Alt-P ni mo fi ṣètò ìyára, mo sì yan 8 bit (òdo tàbí 1 mẹ́jọ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan) láìsí parity (bit àfikún tí wọ́n fi ń yẹ àṣìṣe wò). Nígbà tí mo tan TNC, ohun tó yẹ kí n rí ni cmd: ṣùgbọ́n èyí ló jáde:

cφΣ:

Ẹni tó bá rí i báyìí kó má fọwọ́ kan ìyára mọ́, torí ó ti tọ̀nà. TNC-2 máa ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú 7 bit àti parity even, ìyẹn ni pé iye 1 inú lẹ́tà gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Iye 1 inú lẹ́tà c àti àmì : ṣeé pín bẹ́ẹ̀, wọ́n kọjá bí wọ́n ṣe wà. Ti m àti d kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀, ni TNC bá fi 1 kún bit kẹjọ, DOS sì ya àmì Gíríìkì dípò wọn. Bí ìyára gan-an bá ṣì wà ní àṣìṣe, kò sí lẹ́tà kan tí ẹ máa dá mọ̀. Mo yí Telix sí 7 bit, even, mo tẹ àwọn àṣẹ TNC wọ̀nyí: AWLEN 8, PARITY 0, lẹ́yìn náà RESTART, mo sì dá Telix padà sí 8 bit. Bí lẹ́tà bá ń jáde ní méjì-méjì, Alt-E ni kí ẹ tẹ̀.

MYCALL ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúkọ ìpè mi. Bí ẹ bá pa TNC, tí ẹ tún tan án, tí MYCALL sì ti padà di NOCALL, bátìrì lithium inú rẹ̀ ti kú.

Ó kan rédíò wàyí. Lára ihò DIN onípínnì 5 ti TNC, 1 lọ sí 1 ti ihò data, 2 sí 2, 3 sí 3, 4 sí 5. Pínnì 4 ihò data, 9600 ló wà fún, ẹ fi sílẹ̀. Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí: ariwo rédíò lásán lè tan iná DCD (iná tó ń sọ pé ẹnì kan wà lórí ìgbì) lára TNC-2 àtijọ́. Bí iná yẹn bá ń tàn láìdákẹ́, TNC gbà pé ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ títí ayé. Mo yí squelch, bọ́tìnì tó ń pa ariwo rédíò, títí ariwo fi dákẹ́, mi ò sì yí i kọjá ibẹ̀, torí squelch tó le jù máa ń gé orí ìdì ọ̀rọ̀ tó ń wọlé. Àwọn rédíò kan wà tí squelch wọn kì í pa ohùn ihò data. Fún irú wọn, ẹ gba ohùn láti ihò spíkà ìta.

Ohùn tó ń jáde lọ sí rédíò gbọ́dọ̀ kéré gan-an, nǹkan bí 40 millivolt. Mo tẹ CALIBRATE, K láti tẹ rédíò (kó máa ránṣẹ́), D kí ohùn méjèèjì máa yí padà, mo sì ń fi rédíò kejì gbọ́. Mo ń fi ohùn náà kún un títí kò fi lọ sókè mọ́, mo wá dá a padà sílẹ̀ títí ó fi rẹlẹ̀ díẹ̀ létí. K lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Q tó tẹ̀ lé e. Ohùn tó pọ̀ jù ló ń ba ìdì ọ̀rọ̀ jẹ́ jù, kì í ṣe agbára rédíò tó kéré.

TXDELAY 40 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan kí rédíò tó jí tán. Bí TNC bá ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí rédíò bá ti tẹ̀, iná rédíò ló ń wọ inú wáyà: mo fi ferrite (òrùka tó ń dí ìgbì rédíò lọ́nà) dì í ní orí méjèèjì, mo dín agbára kù sí 5 wáàtì, mo sì gbé áńtẹ́nà jìnnà sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà 486 tí ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí máa ń pariwo gan-an lórí 2 mítà.

Fún ìdánwò, mo lo ibùdó òfurufú ISS, lórí 145.825 MHz. Ó máa ń kọjá lórí Ìbàdàn, Bahia àti London, ìkọjá kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, bí wọ́n bá sì tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó máa ń tún ìdì ọ̀rọ̀ sọ. MONITOR ON (kí n rí ohun tó ń wọlé), UNPROTO CQ VIA ARISS (sí ẹnikẹ́ni, kó gba ọ̀dọ̀ ISS kọjá), CONVERSE (kí n lè kọ ọ̀rọ̀), ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, Enter. Ìdì kan tàbí méjì ti tó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo ojú ọ̀nà kan náà. Mo ti tẹ Alt-L ṣáájú kí Telix lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, àmì tí mo sì ń wá níbẹ̀ ni ìràwọ̀: tí RS0ISS*, orúkọ ìpè ISS pẹ̀lú ìràwọ̀, bá tẹ̀ lé orúkọ ìpè mi, ọ̀rọ̀ náà dé òkè, ó sì padà wálẹ̀.